ỌKỌ̀ ÀLÒKÙ TÍ Ń MU DÍSÙ, ÀTI BÍ A ṢE LÈ MÚ KÍ Ó ṢEÉ GBẸ́KẸ̀LÉ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè jíjẹ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí owó tí a fi ń ra ọkọ̀ ṣe ń ti ọwọ́ jáde yóò gbà pẹ̀lú wa pé ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ọmọ ni pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ń kó owó kòkó ọdún púpọ̀ jọ, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó ń fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó sì ń dá owó pọ̀, kí wọ́n tó lè ra ọkọ̀ kan tí yóò máa kó ẹrù àti ènìyàn jáde láti oko. Bí ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kú láàárín oṣù mẹ́fà, gbèsè ni ó ń bí: owó ilé-ìwé ọmọ a dúró, irè oko a bà jẹ́ sí abà, aboyún tí ọkọ̀ náà ì bá sì gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní òru a di ẹni tí a ń fi alùpùpù gbé kọjá nínú ẹrẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a la ọ̀rọ̀ yìí yé ara wa.

Ọkọ̀ tí a ní lọ́kàn ni èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fa, tí ó sì ń mu dísù. Àwọn ènìyàn wa ń pe gbogbo irú rẹ̀ ní jíìpù. Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí àti Kìṣí, àti ní àwọn ọ̀nà oko kòkó ní agbègbè Oǹdó àti Ìdànrè, irú ọkọ̀ yìí ni í yọ ènìyàn nígbà tí òjò bá ti sọ ojú ọ̀nà di ọ̀gbun. Tòkunbọ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn, èyíinì ni pé ẹlòmíràn ti lò ó ní òkè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Rudolf Diesel, ni ó dá irú ẹ́ńjìnnì yìí sílẹ̀. Ní 1892 ni ó kọ ìwé sí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ láti gba ẹ̀tọ́ lórí ìmọ̀ náà, ní 1897 ni ẹ̀rọ rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ yanjú ní ìlú Augsburg. Ní 1948 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi Land Rover han gbogbo ayé ní ìlú Amsterdam, ṣùgbọ́n ó di 1957 kí wọ́n tó fi ẹ́ńjìnnì dísù sí i. Àwọn ará Japan kò sùn. Ní 1951 ọkọ̀ kan tí Toyota ṣe gun òkè Fuji dé ibùdó kẹfà. Ní 1954 wọ́n sọ irú rẹ̀ ní Land Cruiser. Ní 1984 wọ́n sì gbé irú tí à ń pè ní 70 jáde. Ẹ́ńjìnnì dísù tí a mọ̀ mọ́ ọn jù lọ ní Áfíríkà ni 1HZ, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1990. Ó ní sílíńdà mẹ́fà, ìwọ̀n rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní lítà 4.1. Òun ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ọ̀rọ̀ wa, nítorí pé ohun tí ó bá tọ̀nà fún un tọ̀nà fún púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí ni dísù fi yàtọ̀ sí bẹntiróòlù? Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù a máa fi púlọ́ọ̀gì ṣáná sí epo rẹ̀. Ti dísù kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń fà sínú, a sì fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ títí yóò fi gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí epo tí a bá fọ́n sí i yóò gbiná fúnra rẹ̀. Láti inú èyí ni ẹ lè ti mọ̀ pé ohun mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ olówó rẹ̀: afẹ́fẹ́ mímọ́, epo mímọ́, àti ìtutù tí kì í yẹ̀. Ẹni tí ó bá fún un ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò lò ó pẹ́. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ tí a kọ sí iwájú ọkọ̀ nìkan yóò kábàámọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a fẹ́ ra ọkọ̀ náà. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀ kí ó tó wo ọ̀dà ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, nígbà òtútù, wọn a máa da iyọ̀ sí ojú ọ̀nà kí yìnyín má baà dì síbẹ̀. Iyọ̀ yìí a sì máa jẹ ṣásì ọkọ̀ bí ikán ti í jẹ òpó ilé. Kí a fi irin kékeré kan ṣásì náà káàkiri, pàápàá ní ẹ̀yìn: bí ó bá ró dúndún, ó le, bí ó bá sì rọ̀ tàbí tí ó ń hó, kí a fi olówó sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà rẹ̀. Bákan náà ni kí a wo sítíárìn. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n apá òsì ni wọ́n ń gbà ní Japan àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, a máa ń rí ọkọ̀ tí a ti ṣí sítíárìn rẹ̀ kúrò ní ọ̀tún lọ sí òsì, tí wọ́n sì fi iná jó o mọ́ ibi tí kò yẹ. Ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí a sì bèèrè ìwé aṣọ́bodè, nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí a sọ fún ẹni tí ń tà á pé kí ó má ṣe tan ọkọ̀ náà kí a tó dé. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbóná mọ irọ́ pa. Èyí tí ó tutù ni í sọ òtítọ́. Kí a tàn án, kí a sì wo èéfín rẹ̀. Èéfín dúdú tí kò dẹ́kun fi hàn pé afẹ́fẹ́ kò tó o tàbí pé epo pọ̀ jù. Funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ó gbóná tán lè jẹ́ epo tí kò jóná tàbí omi tí ń wọ ibi tí kò yẹ kí ó wọ̀. Èyí tí ó dà bí aró sì ń wí pé ó ń mu ọ́ìlì. Kí a ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́: bí atẹ́gùn bá ń tú jáde níbẹ̀ bí ẹni tí ń fẹ́ iná, inú rẹ̀ ti gbó. Ní ti aago tí ń ka kìlómítà, kí a má ṣe fi í búra, nítorí ọwọ́ tí ó ń ta ọkọ̀ lè dá a padà sẹ́yìn.

Nígbà tí a bá ti rà á tán, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni bẹ́líìtì tí ń darí inú ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní táímìn bẹ́líìtì. Lára 1HZ, rọ́bà ni, 100,000 kìlómítà sì ni òdiwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá já lójú ọ̀nà, àwọn fáàfù àti písítìn yóò kọlu ara wọn, iṣẹ́ ọjọ́ kan yóò sì di ọ̀ràn ẹ́ńjìnnì tuntun. Ní ojú àwọn aago ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, iná kékeré kan wà tí í tàn nígbà tí àkókò bá tó láti pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó ń pa iná náà, kì í ṣe bẹ́líìtì tuntun. Iná tí kò tàn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ ti inú ọkọ̀ rẹ̀, kí ó pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ó rà á.

Ní ti epo: omi wúwo ju dísù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni í rì sí. Lábẹ́ asẹ́ dísù, ìdè kékeré kan wà tí a lè tú kí omi jáde. Kí a máa tú u lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò, kí a sì pààrọ̀ asẹ́ náà kí ó tó dí. Pọ́ọ̀ǹpù àti nósúlù tí ń fọ́n epo wà lára ohun tí ó wọ́n jù lọ nínú ẹ́ńjìnnì yìí, àti omi àti ìdọ̀tí sì ni ọ̀tá wọn. Ẹni tí ń ra dísù inú kẹ́ẹ̀gì ní ẹ̀bá ọ̀nà, kí ó sẹ́ ẹ kí ó tó dà á sínú táǹkì.

Ní ti afẹ́fẹ́: eruku ọyẹ́ dà bí ìyẹ̀fun lójú, ṣùgbọ́n bí iyanrìn ni ó ń lọ inú sílíńdà. Kí a máa yẹ asẹ́ afẹ́fẹ́ wò. Bí a bá sì ń fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀, kí atẹ́gùn náà gba inú wá sí ìta. Kí a má ṣe gbàgbé rọ́bà tí ó so asẹ́ náà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá là, asẹ́ tuntun kò ní èrè kankan. Omi odò pẹ̀lú kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́: ẹ́ńjìnnì tí ó bá gbé omi mì nínú àgbàrá, irin inú rẹ̀ a tẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ìtutù, àṣà búburú kan gbilẹ̀ láàárín wa. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná, a yọ tamósítáàtì sọnù, a sì dúpẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Toyota, tamósítáàtì yìí kan náà ni í ti ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi gbígbóná ń gbà padà láìkọjá nínú radiétọ̀. Bí a bá yọ ọ́, apá kan omi náà yóò máa sá padà láìtutù, ọkọ̀ yóò sì gbóná lórí òkè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kí a wá ohun tí ń mú un gbóná: ẹrẹ̀ àti koríko tí ó dí ojú radiétọ̀, fáànù tí ó rẹ̀, okùn rọ́bà tí ó gbó. Kí a sì fi omi tí a pò mọ́ oògùn ìpata sínú rẹ̀, kì í ṣe omi kànga.

Ọ́ìlì rẹ̀ ni kí ó jẹ́ èyí tí a ṣe fún dísù, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní 5,000 kìlómítà nínú eruku wa. Dúdú tí ó ń dú kíákíá kò ṣe ohun ẹ̀rù, èéfín ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá dà bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀, kí ọkọ̀ náà má ṣe rìn mọ́ títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn jíà tí ń fa ẹsẹ̀ iwájú ní òfin tiwọn. Kí a má ṣe kó ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lórí ọ̀dà gbígbẹ, nítorí pé bí ọkọ̀ bá yí kọ́nà, ẹsẹ̀ iwájú a rìn ju ti ẹ̀yìn lọ, àwọn irin àárín a sì máa lọ́ ara wọn. Síbẹ̀ kí a lò ó lórí ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lóṣooṣù, kí ọ́ìlì lè dé ibi gbogbo. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ń ró kọ́kọ́kọ́ nígbà tí a bá yí sítíárìn dé òpin, ìsopọ̀ inú rẹ̀ ń kú lọ. Bí a bá sì ti la omi jíjìn kọjá, kí a yẹ ọ́ìlì àwọn àsúlù wò, nítorí irin tí ó gbóná, tí ó sì bọ́ sínú omi tútù, a máa fa omi mu.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé àtúnṣe ọkọ̀ ni táyà ńláńlá àti iná mẹ́fà lórí òrùlé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi tọ́bò sí 1HZ kí ó lè sáré. A kò ṣe ẹ́ńjìnnì náà fún un: ó ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po 22 lọ́nà tirẹ̀, bí a bá sì fi agbára àti epo kún un láìmòye, písítìn rẹ̀ a là. Àtúnṣe tí ó lérè kì í dán lójú: asẹ́ kejì tí ń ya omi kúrò nínú dísù, agogo tí ń ké bí omi radiétọ̀ bá dínkù, rọ́bà èémí àsúlù tí a fà ga sókè ju omi lọ, àti wáyà bátìrì tí a fọ̀ tí a sì dè le.

Kí ẹni tí ń ra ọkọ̀ má ṣe ná gbogbo owó rẹ̀ tán sórí rírà. Bí a bá ní owó márùn-ún, kí a fi mẹ́rin rà á, kí a fi ọ̀kan tún un ṣe. Kí a ní ìwé kan nínú ọkọ̀ tí a ó máa kọ ohun gbogbo tí a pààrọ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti kìlómítà rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń lọ ra ohun èlò ní Ládípọ̀ tàbí ọjà mìíràn, kí ó mú èyí tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ fún ìfiwéra, kí ó sì mọ orúkọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Èyí tí ó kẹ́yìn kan ìwà àwa olówó ọkọ̀. Dẹ́rẹ́bà ni í kọ́kọ́ rí i nígbà tí aago ìgbóná bá gòkè. Bí ó bá dúró, tí ó pẹ́ dé, tí a sì bú u, ní ọjọ́ kejì kò ní dúró mọ́. Yóò wa ẹ́ńjìnnì náà dé ibi tí yóò kú sí. Kí a yìn ín nítorí ìdúró rẹ̀, kí a sì san owó àtúnṣe kékeré náà láìkùn. Àwọn baba wa wí pé kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò; bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí ó lọ tú ìdè abẹ́ asẹ́ dísù rẹ̀ wò lónìí, kí òjò tó dé.