Àṣẹ àná tó ń dí iṣẹ́ òní lọ́wọ́ nínú kọ̀ǹpútà

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Fìdítì, Ìlọrà àti gbogbo agbègbè Afijió.

Kí ètò tí èèyàn kọ sórí kọ̀ǹpútà tó ṣeé lò, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di odidi kan. Fáìlì kékeré kan ló ń pàṣẹ bí yóò ṣe ṣe é, ẹnu iṣẹ́ yìí sì ni mẹ́mórì ti sábà máa ń tán.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bíìtì 32 gbòde, mẹ́mórì tí ètò kan lè dé kò lè ju báìtì 4,294,967,296 lọ, ìyẹn gìgábáìtì 4. Lórí Windows, 2 péré ni ètò kọ̀ọ̀kan sábà máa ń rí lò. Àwọn tó ń kọ ètò wá fi àṣẹ kún fáìlì náà kí mẹ́mórì má baà tán. Igi tí a fi ti ògiri ni àwọn àṣẹ yìí.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Windows 11 tó jáde lọ́dún 2021 kò ní ti bíìtì 32 rárá. Igi tí kò gbé ògiri kankan ró mọ́, ọ̀nà ló ń dí. Ẹ wo Java: àṣẹ MaxPermSize ni wọ́n fi ń fẹ apá kan nínú mẹ́mórì rẹ̀. Lọ́dún 2014, Java 8 mú apá náà kúrò, àṣẹ náà kò sì ṣe nǹkan kan mọ́ ju pé ó ń mú ìkìlọ̀ wá. Nígbà tí Java 17 dé lọ́dún 2021, ó kọ̀ ọ́ pátápátá: bí àṣẹ náà bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ mọ iye epo tí irú èyí ń jẹ.

Báwo la ṣe ń yọ wọ́n? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ìdí tí wọ́n fi kọ àṣẹ náà. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún ètò kó pọ̀, kí ẹ wo mẹ́mórì àti àkókò tó gbà. Bó bá yọrí, ẹ kọ ìdí sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí kò bá yọrí, ẹ dá a padà.

Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó jẹ́ pé tókùnbọ̀ àtijọ́ ló ní. Bí ẹnì kan bá ṣì ń fi irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ yìí, igi náà ṣì ń gbé ògiri tirẹ̀ ró. Ẹ béèrè kí ẹ tó fà á tu.