Orí Ń Fọ́ Mi: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ọmọ Yorùbá ní Ouagadougou

Kí ẹ tó ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e kiri ní ọjà Rood Woko, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ara gbóná. Orí fífọ́ tí ibà bá rìn ní ìlú yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi oògùn orí àtẹ dán wò. Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la máa ń fura sí jù, oògùn tó sì wúlò fún ọ̀kan lè ṣèjàǹbá nínú òmíràn.

Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni ibà tí wọ́n ń pè ní palu níbí, tó máa ń pọ̀ lákòókò òjò, láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹwàá. Ní CSPS, ìyẹn ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ládùúgbò, wọ́n á gún ìka yín, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ti tó, èsì á sì jáde kí wákàtí kan tó pé. Bó bá jẹ́ palu lóòótọ́, ẹ lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta náà tán, kódà bí ara bá ti yá lọ́jọ́ kejì.

Dengue ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, nítorí ó jọ palu gan-an. Ó jà ní Ouagadougou lọ́dún 2016 àti 2017, ti ọdún 2023 ló wá le jù. Ẹ̀fọn tó ń jẹni lójúmọmọ ló ń gbé e kiri, inú omi tó dúró sínú àgbá àti táyà àlòkù ló sì ń yé sí. Orí á máa fọ́, ẹ̀yìn ẹyinjú á máa ro, eegun àti oríkèé á máa dunni. Kò ní oògùn tirẹ̀: omi mímu, ìsinmi àti parasitámọ́ ni. Ibuprofen, aspirin àti diclofenac ni kí ẹ sá fún, nítorí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ẹni tí dengue ń ṣe. Bí ara bá sì ti ń tutù, ẹ má tíì jó. Ìgbà yẹn gan-an ni inú rírun, èébì léraléra tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú erìgì lè bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ilé ìwòsàn tààrà.

Yírùnyírùn ní tirẹ̀ fẹ́ràn àsìkò ọyẹ́ àti ooru. Ọrùn á le débi pé àgbọ̀n kò ní lè kan àyà, ojú kò ní lè gba ìmọ́lẹ̀, aláìsàn á máa bì, ó tún lè máa sọ ìsọkúsọ. Ti ọmọ ọwọ́, ẹ wo àwùjẹ̀ rẹ̀ bóyá ó wú sókè. Burkina Faso ló kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára MenAfriVac káàkiri orílẹ̀-èdè, láti ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 2010, irú yírùnyírùn A sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá láti ìgbà náà. Àmọ́ àwọn irú míì ṣì wà, nítorí náà "mo ti gbabẹ́rẹ́" kì í ṣe ìdí láti jókòó sílé. Wákàtí tí ẹ bá rí àmì yìí ni kí ẹ gbéra. Agbo lè dúró.

Bí ara kò bá gbóná, ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀. Orí tó fún pinpin bí ẹni wé gèlè tó há, àárẹ̀, ìrònú, ebi tàbí àìsùn ló sábà máa ń fà á. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, tí ooru ń kọjá 40, òùngbẹ nìkan tó bẹ́ẹ̀: ẹ mu omi, ẹ bọ́ sábẹ́ ibòji kí ẹ tó wá oògùn.

Túúlu yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí kan ló sábà máa ń lù kìkì, fún wákàtí mẹ́rin títí dé ọjọ́ mẹ́ta, èébì á máa gbéni, ariwo àti ìmọ́lẹ̀ á di ọ̀tá. Àwọn míì á kọ́kọ́ rí ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn yinrinyinrin. Ó ń rìn nínú ìdílé, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Kò sí ọwọ́ ayé kankan níbẹ̀. Ẹ tètè lo oògùn, kí ẹ sì dùbúlẹ̀ sí yàrá tó ṣókùnkùn. Bó bá ń wá lemọ́lemọ́, dókítà ní oògùn ojoojúmọ́ tó lè dín in kù.

Àgbàlagbà lè lo parasitámọ́ 500 mg kan tàbí méjì, kó dúró fún wákàtí mẹ́fà kó tó tún lò ó, kó má sì ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Doliprane àti Efferalgan, parasitámọ́ náà ni wọ́n. Ẹ má lò wọ́n pọ̀, kí ẹ sì wo ara páálí, nítorí hóró kan lè jẹ́ 1000 mg. Ẹni tó bá ń lo oògùn orí fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tó sì ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn yẹn fúnra rẹ̀ lè ti di ohun tó ń fọ́ ọ lórí.

Ẹ pe àwọn panápaná sórí nọ́ńbà 18 bí orí bá ṣàdédé fọ́ lọ́nà tí kò fọ́ rí, bí ẹnu bá wọ́ tàbí apá kan rọ, tàbí bí ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà bá ń bì, tó ń sùn lásùnjù. Aboyún tí orí ń fọ́, tí ojú rẹ̀ wú, tí kò sì ríran dáadáa mọ́, kò gbọ́dọ̀ dúró di àárọ̀. Láti ọdún 2016, ìtọ́jú aboyún àti ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ mú ìwé ìlera wọn dání.