Bọ́ọ̀lù Oníṣaworo: Eré Àwọn Tí Ojú Wọn Kò Ríran

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin baba, bí ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran bá wà nínú ilé, níbo ni ó máa ń wà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gbá bọ́ọ̀lù? A ó ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́, kí ó má baà ṣubú. Ẹ jẹ́ kí a sọ fún yín nípa eré kan tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Goalball ni orúkọ rẹ̀.

Ní 1946, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ni Hanz Lorenzen ará Ọ́stríà àti Sepp Reindle ará Jámánì dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tí ogun ti fọ́ lójú. Ní 1976 ó wọ ìdíje Paralympics ní Toronto. Ní 1984 àwọn obìnrin náà wọ̀ ọ́.

Ènìyàn mẹ́ta-mẹ́ta ni ó ń dojú kọ ara wọn nínú gbọ̀ngàn tí pápá rẹ̀ gùn ní mítà 18, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 9. Ṣaworo wà nínú bọ́ọ̀lù náà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú kí ó yí nílẹ̀ lọ sí ilé ọ̀tá. Àwọn tí ń ṣọ́lé a fetí sí ìró rẹ̀, wọn a sì na gbogbo ara sílẹ̀ láti dí i. Gbogbo wọn ni wọ́n ń di ojú, kí ẹni tí ó ń ríran díẹ̀ má baà rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Okùn wà lábẹ́ ìlà pápá, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè mọ ibi tí wọ́n wà. Òǹwòran gbọ́dọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé ni wọ́n tó lè hó yèè.

Ẹ wo ilẹ̀ Tọ́kì. Àlejò ni eré yìí lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wọn sọ ọ́ di ọmọ onílé. Wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Rio ní 2016, ní Tokyo ní 2021, àti ní Paris ní 2024. Sevda Altunoluk, tí ó mọ bọ́ọ̀lù í jù sílé bí ẹni láyé, wà lára wọn.

Ta ni ó sọ pé ọmọbìnrin tí kò ríran kò lè mú ògo wálé? Bí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú bá wà nítòsí yín, ẹ bi olùkọ́ wọn léèrè nípa eré yìí. Ẹ má fi ọmọ pamọ́ sí yàrá.