Òórùn Ìtọ̀ Ológbò: Ohun Tí Ó Ń Fà Á àti Ohun Tí Ó Lè Kápá Rẹ̀

Òórùn tí ó máa ń gba ilé tí a ti ń sin ológbò kì í ti ara ẹranko náà wá, nítorí pé ológbò a máa fi ahọ́n tún ara rẹ̀ ṣe. Inú ìtọ̀ rẹ̀ ni ó ti ń wá, pàápàá èyí tí ó bá pẹ́ nílẹ̀. Ìtọ̀ yìí ki púpọ̀, yúríà, ìyẹn èròjà tí ara ń dà nù lẹ́yìn tí ó bá lo ẹran tán, sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí àwọn kòkòrò àìfojúrí bá ti fọ́ yúríà, yóò di amóníà, afẹ́fẹ́ tí ń ta imú tí ó sì ń mú ojú ṣomi, ooru sì máa ń mú kí iṣẹ́ yìí yá. Ti akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé èròjà felinine, tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀, pọ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1947, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ed Lowe fún aládùúgbò rẹ̀ kan ní amọ̀ gbígbẹ oníhóró dípò eérú tí obìnrin náà ń dà fún ológbò rẹ̀ kí ó máa tọ̀ sí, ibẹ̀ sì ni òwò amọ̀ ológbò ti bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980 ni bentonite, amọ̀ tí ń wú tí ó sì ń dì mọ́ra bí omi bá kàn án, dé, tí ìtọ̀ fi di ìṣù tí a lè bù dànù.

Ní Orozo, ní agbègbè Abuja, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Karu lọ sí Karshi, ẹni tí owó amọ̀ ilẹ̀ òkèèrè bá wọ̀ lọ́rùn lè lo lẹ́búlẹ́bú pákó, èyí tí àwọn káfíńtà ọjà Kugbo ń gé sílẹ̀ lójoojúmọ́, bí ó bá ti jẹ́ ti pákó tí a kò fi oògùn ikán sí, tí a sá a gbẹ, tí a sì jọ eruku rẹ̀ kúrò. Igi ní ìwọ̀nba èròjà kíkan tí ń di amóníà mú, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni eérú, nítorí pé bí ó bá pò mọ́ ìtọ̀ tí ó ti pẹ́, ńṣe ni ó ń lé amóníà jáde sínú afẹ́fẹ́. Lọ́fínńdà kò wúlò níhìn-ín rárá: ó kàn ń bo òórùn mọ́lẹ̀ ni, imú ológbò sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè kọ àpótí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lọ tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Àpótí ìgbọ̀nsẹ̀ náà, ìyẹn ike tí a da amọ̀ tàbí lẹ́búlẹ́bú sí, yẹ kí ó gùn tó ológbò kan àti ààbọ̀. Bí ológbò bá jẹ́ méjì, àpótí mẹ́ta ni ó yẹ wọ́n, ike tí èékánná bá sì ti ha ní àhaìmọye, kí a pààrọ̀ rẹ̀, torí pé òórùn a máa sá pamọ́ sínú ojú ìha náà.

Kíkó ìdọ̀tí lójoojúmọ́ ju gbogbo èyí lọ. Ìgbẹ́ ológbò lè ní ẹyin Toxoplasma, kòkòrò tí ó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, ẹyin náà kì í sì í lè ran ènìyàn títí di ọjọ́ kìn-ín-ní sí ìkarùn-ún lẹ́yìn tí ó bá jáde. Nítorí náà, kí a máa tètè kó ìgbẹ́ náà, kí ẹlòmíràn sì máa bá aláboyún kó o. Ọṣẹ àti omi gbígbóná ni kí a fi fọ àpótí: kí ẹnikẹ́ni má ṣe da bílíìṣì sí ojú ìtọ̀, nítorí pé bí ó bá pàdé amóníà, afẹ́fẹ́ olóró ni ó ń di, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.