Òbí, Ọmọ àti Pákó: Bí Iṣẹ́ Igi Ṣe Ń Wọ Ọwọ́ Ọmọdé

Iṣẹ́ igi wà lára ìwọ̀nba iṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọdé lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kí ó sì gbé ohun tó ṣeé lò délé lálẹ́. Àpótí ìjókòó ni o, ilé ẹyẹ ni o, ọpọ́n ayò ni o, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà: wọ́n á wọn pákó, wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á dán an. Ní ọ̀pọ̀ ìlú lágbàáyé, àwọn ilé iṣẹ́ ọwọ́ a máa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún òbí àti ọmọ. Wọ́n á pèsè tábìlì, irinṣẹ́ àti ọ̀gá tí yóò máa tọ́ wọn sọ́nà. Ti òbí ni kí ó sanwó. Ní Èkó, àsìkò ìsinmi gígùn ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀. Ṣùgbọ́n kò di dandan kí òbí dúró de ẹnikẹ́ni, pàápàá bó bá jẹ́ ará Ìgànmú.

Àárín Sùúrùlérè àti Àpápá ni Ìgànmú wà. Lápá Orílé, ní ọjà Odunade àti àyíká Coker, ohun èlò ìkọ́lé ni wọ́n ń tà: ìlẹ̀kùn, ìṣó, ọ̀dà, gọ́ọ̀mù. Oko Baba ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta kò jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń so gẹdú pọ̀ lójú ọ̀sà, tí wọ́n ń wọ́ ọ wá sétí ilé ìlagi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń darí àwọn tó ń la gẹdú níbẹ̀ sí Agbówà. Lápá kejì Ìgànmú ni Tíátà Àpapọ̀ wà, tí ìjọba ológun kọ́ láàárín 1973 sí 1976 nítorí àjọ̀dún FESTAC ti 1977. Orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi pè é ní 2024, wọ́n sì tún un ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2025. Nínú ọgbà rẹ̀ ni abúlé àwọn oníṣẹ́ ọnà wà tẹ́lẹ̀, níbi tí agbẹ́gilére, ayàwòrán àti oníjó ti ń ṣiṣẹ́ ní gbangba tí ọmọdé lè dúró wò wọ́n. Wọ́n wó o ní oṣù Kínní 2016. Ìwòran bẹ́ẹ̀ ṣòro láti rí ní Èkó báyìí, àdánù ńlá sì ni, torí ojú ni ọmọdé kọ́kọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ kí ọwọ́ tó bá a.

Láyé àtijọ́, agboolé ni ibi ìkọ́ṣẹ́. Lámídì Fákẹ́yẹ, tí wọ́n bí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1928, ọmọ ìdílé agbẹ́gilére ni. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ ọ níṣẹ́ ní kékeré. Síbẹ̀, kò dúró lọ́dọ̀ bàbá. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, ó lọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ Àgùdà ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947. George Bándélé ló kọ́ ọ níbẹ̀, ẹni tí òun náà jẹ́ ọmọ Aréògún, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére ará Òsì. Fákẹ́yẹ ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, ní 1987, UNESCO sì bọlá fún un ní 2006, ọdún mẹ́ta kó tó kú.

Ìlànà tí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ń tẹ̀ lé ṣì wúlò fún òbí tí kò gbẹ́ igi rí. Ìpele mẹ́rin ni. Ọ̀nà lílé ni àkọ́kọ́: àáké ni ọ̀gá fi ń gé igi títí orí, ọrùn, ara àti ẹsẹ̀ ère yóò fi hàn gàdàgbà. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, níbi tí wọ́n ti ń ya ojú, imú àti etí sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ àti ṣísẹ́ẹ̀lì mú ara igi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn: irun, ilà ojú, ọnà ara aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà lílé. Ibi tí àṣìṣe rẹ̀ kò ti ní ba gbogbo igi jẹ́ ni wọ́n máa ń fi í sí. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ kan lónìí ni pé òbí á rẹ́ pákó, á kàn án, á dán an, ọmọ á wá fi ọ̀dà kùn ún. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀dà kíkùn. Kò tíì kọ́ iṣẹ́ igi.

Igi fúnra rẹ̀ ni nǹkan àkọ́kọ́ tó yẹ kí òbí yẹ̀ wò. Omi inú igi tútù pín sí méjì: èyí tó wà nínú ihò tín-ín-tìn-ìn ara igi, àti èyí tó dì mọ́ ògiri àwọn ihò náà. Omi inú ihò ló kọ́kọ́ ń lọ, igi kò sì tíì yí padà nígbà náà. Ìgbà tí omi tó kù bá dín sí nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi gbígbẹ ni igi ń bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Kì í sì í sún kì bákan náà níbi gbogbo: bó ṣe ń fà lọ́nà òrùka ọjọ́ orí igi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń fà láti èèpo wọ àárín. Ìdí nìyí tí pákó tútù fi ń wọ́, tó ń tẹ̀, tó sì ń là. Pákó tó tutù lọ́wọ́, tó wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò tíì yá. Kí wọ́n tò ó sábẹ́ òjìji, kí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìkan sí ìkejì kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Irú igi náà tún ṣe pàtàkì. Apá wúwo tó nǹkan bí kílógíráàmù 800 ní mítà onígun mẹ́ta kan. Arère kò ju nǹkan bí 380 lọ. Arère ló dára fún ọwọ́ ọmọdé: ó fúyẹ́, ayùn kékeré á gé e láìlàágùn. Àléébù rẹ̀ ni pé kòkòrò àti èbu fẹ́ràn rẹ̀, torí náà kò yẹ fún ohun tí òjò yóò máa pa.

Ọpọ́n ayò ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dára jù, torí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń tún ṣe nígbà 12 lórí ẹ̀. Pákó arère tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, tó nípọn tó 5, tó gùn tó 42, ti tó. Ihò mẹ́fà-mẹ́fà ní ìlà méjì, kí ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí àlàfo ìkan sí ìkejì jẹ́ ìkan àti ààbọ̀. Ọmọ ni kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó fi pẹ́ńsù fa ìlà. Bí ó bá ṣì í, rọ́bà á pa á rẹ́. Òbí ni kí ó fi dírìlì lu àárín ihò kọ̀ọ̀kan. Kí ó ti lẹ téèpù mọ́ ẹnu dírìlì níbi tó fi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀, kí ó lè mọ ibi tí yóò dúró sí. Wọ́n á wá so pákó mọ́ tábìlì pinpin. Ṣísẹ́ẹ̀lì tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ ni ọmọ yóò fi máa gbẹ́ láti etí ihò wá sí ìsàlẹ̀ àárín, á yí sí òdìkejì, á tún gbẹ́ ẹ wá. Bó bá ń gbẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, irinṣẹ́ yóò kọ́ fọ́nrán igi, ègé ńlá á sì ya kúrò. Ihò àkọ́kọ́ máa ń rí wúruwùru. Tó bá fi máa di ìkẹta tàbí ìkẹrin, ọwọ́ ọmọ á ti gbọ́ ohun tí igi ń sọ. Sánpépà ló kù, ẹ̀yìn ìyẹn sì ni ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin sínú ihò.

Ewu wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ń wò ó sí. Irinṣẹ́ tó mú kò léwu tó èyí tó kú, torí èyí tó kú ni ọmọ máa ń fi agbára tì, tó sì ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òfin kan tó ju gbogbo wọn lọ ni pé kí ọwọ́ méjèèjì máa wà lẹ́yìn ẹnu irinṣẹ́, láéláé. Lẹ́búlẹ́bú igi ni ọ̀tá tí a kì í rí. Ní 1995, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ sí ènìyàn lára, pàápàá ní ihò imú. Àwọn tó ń mí i símú lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, síbẹ̀ eruku ìrókò àti másóníà a máa ta imú àti awọ ara lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti fi sánpépà dán igi, pẹ̀lú ìbòmú. Àkísà tútù ni kí wọ́n fi nu ilẹ̀, kì í ṣe ìgbálẹ̀.

Ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ ti ṣe púpọ̀ nínú èyí. Finland sọ iṣẹ́ ọwọ́ di dandan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1866, lábẹ́ ìmọ̀ràn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Uno Cygnaeus, kì í ṣe kí gbogbo ọmọ lè di káfíńtà bí kò ṣe kí ọwọ́ wọn lè jáfáfá. Nàìjíríà gbìyànjú tirẹ̀ ní 1982, nígbà tí ètò 6-3-3-4 mú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré. Ìjọba kó ẹ̀rọ wọ̀lú láti òkè òkun, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, inú àpótí tí wọ́n kó o wá ni ẹ̀rọ náà ti dípẹtà, torí kò sí iná, kò sí olùkọ́, kò sì sí yàrá tí wọn yóò tò ó sí.

Òbí kò nílò ẹ̀rọ olówó gọbọi kó tó bẹ̀rẹ̀. Ayùn kékeré, òòlù igi, ṣísẹ́ẹ̀lì méjì tó mú, dírìlì tí wọ́n lè yá lọ́wọ́ káfíńtà àdúgbò àti pákó arère kan, gbogbo rẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ra pákó náà lónìí, kí ó lè gbẹ kí ilé ẹ̀kọ́ tó gba ìsinmi.