Dídì tó wà nínú àdìrẹ

A máa ń so ewúrẹ́, a máa ń de ọ̀daràn, a sì máa ń di ẹrù. Èwo ló wà nínú àdìrẹ? Dì ni: ohun tí a dì, tí a sì rẹ láró.

Ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, mo fi ìko so aṣọ funfun kan ṣoṣo tí ìyá àgbà mi fi sílẹ̀. Nígbà tí mo tú u, gbogbo ẹ̀ ti dúdú! Màmá aláró ní, "O so ó ni, o ò dì í."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Aró máa ń gba àárín fọ́nrán òwú yọ́ wọlé. Tí ìko bá fún aṣọ pinpin, aró ò níí ráyè. Ibẹ̀ á funfun. Aró èlú tó bá wọlé, àwọ̀ ewé ló fi ń jáde. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù.

Ẹ má so ó o. Ẹ dì í!