Àtúnṣe àti pípààrọ̀ rímù ọkọ̀

Rímù jẹ́ apá ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí a ń wọ táyà sí. Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, rímù lè họ lára, ó lè wọ́, ó sì lè sán. Ohun tí a fi ṣe é àti irú ìpalára tí ó ní ni ó ń pinnu bóyá ó ṣeé tún ṣe.

Èyí tí ó kàn họ kò ju ọ̀dà lọ. Bí etí rímù onírin bá wọ́ díẹ̀, fọkanáísà lè fi òòlù lù ú padà sí ipò. Ti alumíníọ̀mù, tí a ń pè ní alọ́ì, ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin máa ń pọ́n nínú iná. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n kí ó tó yọ́ ní 660°C, alọ́ì sì ń yọ́ ṣáájú ìgbà náà. Ojú kò lè sọ fún ẹni tí ó ń fi iná sí i pé ooru ti pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń dín kù kí ó tó yọ́ rárá.

Rímù tí ó sán ní ọ̀pá rẹ̀ tàbí ní àyíká ihò nọ́ọ̀tì, pípààrọ̀ ni ó tọ́ sí i, bí wẹ́dà tilẹ̀ ṣèlérí láti jó o pọ̀. Ní Bírítéènì, ọkọ̀ tí rímù rẹ̀ sán kì í yege nínú àyẹ̀wò MOT. Afẹ́fẹ́ tí ń dín díẹ̀díẹ̀ lè jẹ́ àmì sísán tí ó fara pamọ́ sí ojú inú.

Ní Nàìjíríà, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pààrọ̀. Ọ̀dà tuntun lè bo ojú ibi tí wọ́n ti jó pọ̀ rí; kí a yẹ inú rẹ̀ wò, kí a sì yí i lórí ẹ̀rọ bálánsì kí a tó sanwó.